Awọ Tata ní Etí Ògbẹ̀sẹ̀

Tata jẹ oko ẹ̀gẹ́ Hannah Fálẹ́yẹ run ní etí odò Ògbẹ̀sẹ̀ ní ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé obìnrin náà rí awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ó sì gbà pé òkú wọn ni.

Ẹni tí kò bá mọ bí Hannah ṣe di ilẹ̀ yẹn mú kò ní mọ ohun tí tata jẹ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Fálẹ́yẹ, kú, àwọn ẹbí ọkọ ní Ìṣẹ́ fẹ́ kí Ògúndélé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ṣú u lópó. Hannah ní onígbàgbọ́ ni òun, àti pé ìyàwó méjì tí Ògúndélé ní nílé kò tíì rẹ́, kí ni òun fẹ́ lọ ṣe láàárín wọn? Wọn kò bá a jà. Wọ́n ní kí ó máa dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ ní etí odò, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin kan tì í: níwọ̀n ìgbà tí ohun tí ó gbìn bá ń hù lórí ilẹ̀ náà, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ilẹ̀ bá ṣófo, ó padà sọ́dọ̀ ẹbí nìyẹn. Wọ́n rò pé kò ní ju ọdún kan tàbí méjì lọ.

Òfin náà yé Hannah ju àwọn tí ó ṣe é lọ. Kò kórè oko rẹ̀ tán rí. Bí ó bá hú ìdí ẹ̀gẹ́ kan, kí ó tó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù ni yóò ti ṣẹ́ igi rẹ̀, tí yóò sì tì í bọ ihò náà padà. Ó ń hú, ó ń gbìn. Títílọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dàgbà lórí oko yẹn, ó lọ́kọ, ó lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀ kò ṣófo. Kòkó Ògúndélé ti gbòòrò dé ààlà. Ó máa ń gba ibẹ̀ kọjá, á dúró, á fi ẹnu àdá kan ilẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ̀gẹ́ yìí kì í sinmi ni?"

"Kì í sinmi, bàbá. Ebi ni kò jẹ́ kó sinmi."

Á rẹ́rìn-ín, á lọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ ilẹ̀ ni.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń mú, àwọn ọmọ tata á jáde láti inú ilẹ̀ tútù abẹ́ igi etí odò. Wọ́n kéré, wọ́n dúdú bí èédú tí a gún, wọ́n á sì ṣù jọ sórí ewé kan ṣoṣo títí ewé náà á fi tẹ̀. Àfẹ̀mọ́jú ni àwọn obìnrin apá ibẹ̀ máa ń lọ bá wọn. Tata kò lè ta ní kùtùkùtù. Kò ní ooru kankan nínú ara tirẹ̀. Oòrùn ni ó ń jí i. Kí oòrùn tó là, bí a bá gbọn ewé, gìrọ̀gìrọ̀ ni wọ́n á jábọ́ sínú garawa. Àwọn ọmọdé ló máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ìjọba ní kí àwọn ọmọ wá sí ilé-ìwé láìsan nǹkan kan, gbogbo àwọn tí ń kó tata tẹ́lẹ̀ sì wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń kọ a, b, d.

Ó wá ku Hannah àti Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ni ó ni oko tó tẹ̀lé tirẹ̀. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, kò sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi lè máa ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí Hannah ti ń làágùn.

"Yèyé Títí, ìjọba kó àwọn ọmọ lọ. Wọn ò kó tata lọ."

"Gbọn ewé, jàre."

"Bó bá jẹ́ àwọn tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń wá, àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n kó. Wọ́n bá wa lóko, wọ́n ń jẹun, wọn ò kí ẹnì kankan."

Hannah kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bọ́ sí ìdí ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Pípa wọn kò rọrùn. Omi lásán kì í tètè pa tata. Hannah ti ki orí ọ̀kan bọ inú omi rí, ó dì í mú síbẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó, kòkòrò náà ṣì ń fi ẹsẹ̀ ta. Jẹ́jẹ́ ló fi hàn án pé orí kọ́ ló fi ń mí. Ihò tíntìntín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Bí a bá po ọṣẹ dúdú mọ́ omi, á dí àwọn ihò náà, á sì kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Bí o bá fà á, á já ní oríkèé, á fi í sílẹ̀ fún ọ, á máa bá tirẹ̀ lọ. Omi funfun kan á jáde lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í ṣí lọ́wọ́. Hannah ń gbé òórùn náà lọ sí ọjà, ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin á sún díẹ̀ lórí ìjókòó.

Kò lè jókòó tó bẹ́ẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ń kọrin, á ṣe é bíi pé ẹnu tata ló ń gbọ́. Á dìde kí wọ́n tó ṣe àmín. Bí ó bá gbé ìkòkò ka iná, á rántí ìlà ẹ̀gẹ́ kan tí òun kò gbọ̀n dáadáa, á sọ ìkòkò kalẹ̀, á lọ. Ó lè dé ààlà oko kí ó tún padà sílé, kí ó dé ilé kí ó tún kọrí sí oko. Àwọn tata náà kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń tóbi. Èyí tó dà bí èédú gígún tẹ́lẹ̀ ti gùn tó ìka, ara rẹ̀ dúdú, ó ní ìlà pupa rúsúrúsú àti àmì funfun, kùkùté ìyẹ́ sì ti ń yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní àkókò yẹn ni awakọ̀ lọ́rì kan mú iṣẹ́ wá láti Ìkẹ́rẹ́. Ajíbọ́lá, ọkọ Títílọlá, tí ń ṣe tíṣà, ló rán an. Títílọlá ti bí obìnrin. Kí Màmá máa bọ̀ wá wẹ ọmọ.

Hannah dúró síbẹ̀ pẹ̀lú garawa lórí.

"Sọ fún wọn pé mo ń bọ̀."

"Nígbà wo, Màmá?"

"Mo ní mo ń bọ̀."

Ta ni kì í lọ wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀? Ìyá ọkọ ti kú, kò sí obìnrin àgbà nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi oko sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, tata á jẹ ewé tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bó igi. Igi ẹ̀gẹ́ tí a ti bó èèpo rẹ̀ kì í hù mọ́. Bí kò bá sí igi, kò sí ohun tí ó máa tì bọ ihò. Ilẹ̀ á ṣófo.

Ó lọ bá oníwàásù. Joseph Olúwọlé lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dára, tí ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn ará ìjọ lẹ́yìn, wọ́n wá yí oko ká. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọba tí ó ṣe ọ̀gbun tí ó ṣe òkè," ni ó wí, "Olùṣọ́ opó tí kì í tòògbé, na ọ̀pá agbára rẹ sí agbo ọ̀tá yìí, kí wọ́n rọ bí ìtànná ọ̀sán, kí wọ́n ká bí ìkùukùu, kí ojú wọn má rí òṣùpá tuntun!"

Ọ̀rọ̀ tó dùn ni. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń sọ ọ́, tata kan wà lórí ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó ń jẹ ewé náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tí ẹnu rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí àlùmọ́gàjí.

"Àdúrà yìí gùn ju ẹ̀gẹ́ mi lọ," Jẹ́jẹ́ sọ jẹ́ẹ́.

"Pa ẹnu rẹ mọ́," ni Hannah wí. Ó nílò àdúrà náà.

Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, Hannah dé oko ní àfẹ̀mọ́jú, ó gbọn ewé, kò sí ohun tó jábọ́. Ó tún gbọn òmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, ó rí wọn. Lára gbogbo igi, lábẹ́ gbogbo ewé, tata so rọ̀, wọ́n dorí kodò, wọ́n ti gbẹ, wọ́n fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń mì wọ́n. Orí wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gún ayùn tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pé ṣánṣán. Ìkankan nínú wọn kò mira. Ó ju garawa sílẹ̀.

"Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́ o! Wá o! Wọ́n ti kú!"

Jẹ́jẹ́ sáré dé. Ó já ọ̀kan lára igi, ó fi ìka fọ́ ọ, ó di ìyẹ̀fun.

"Ẹran inú rẹ̀ dà?"

"Oòrùn ti fà á gbẹ."

"Oòrùn wo? Ilá tí mo sá sórí òrùlé lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tíì gbẹ tó báyìí."

"Àdúrà ni, Jẹ́jẹ́. Kí ló dé tí ìwọ kì í gba nǹkan kan gbọ́?"

"Mo gba àdúrà gbọ́. Wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó là láti ọrùn dé àyà."

"Èso ilá kì í là bó bá gbẹ?"

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èèrà ń tò lọ nídìí ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n ń gba ààrin àwọn tó já bọ́ sílẹ̀ kọjá, wọn kò gbé ọ̀kan. "Èmi ò mọ̀ o. Èèrà kì í rí òkú kó fojú fò ó. Yèyé Títí, ẹ̀wù ni mo rí yìí, mi ò rí ẹni tó wọ̀ ọ́."

"O ò fẹ́ kí n lọ wo ọmọ mi."

"Èmi ni mo dì ọ́ mú ni?"

"Ẹnu rẹ ló ń dì mí mú."

Jẹ́jẹ́ gbọn ọwọ́. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, kò rí tata kan. Ó ti rẹ òun náà. Ẹni tó ń jí lọ sóko ní àfẹ̀mọ́jú fún oṣù méjì kì í bá ohun tó gbé ìsinmi fún un jiyàn pẹ́. "Máa lọ nígbà náà," ni ó wí. "Bá mi kí Títí. Bá mi gbé ọmọ náà jó."

Kí oòrùn tó yí, gbogbo Ìṣẹ́ ti gbọ́. Àwọn ènìyàn wá wò ó. Olúwọlé wá, ó fi awọ tata kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní Ọlọ́run ti gba ẹ̀mí, ó fi ara sílẹ̀ kí àwọn aláìgbàgbọ́ lè fi ojú rí. Wọ́n ké àmín. Ògúndélé náà wá. Ó wo oko náà yíká, ó ní, "Ìyàwó wa, Ọlọ́run rẹ kò sùn." Ó sọ ọ́ tinútinú. Ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì Hannah wọ lọ́rì. Nígbà tí ó rí òkúta Olósùnta lókè ilé Ìkẹ́rẹ́, ẹkún bọ́ lójú rẹ̀. Ó bá ìsọmọlórúkọ. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ọmọ́tóyọ̀sí. Nígbà tí ó kan Hannah láti dúpẹ́, ó sọ bí Ọlọ́run ṣe pa tata ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ajíbọ́lá wà níbẹ̀, ó ní àmín.

Ó rò pé òun máa sinmi. Kò sinmi. Ní àfẹ̀mọ́jú ara rẹ̀ á ti jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wá ọ̀nà oko. Á gbá àgbàlá, á tún un gbá. Á gbé ọmọ, á gbé e fún ìyá rẹ̀, á gbà á padà.

"Màmá, ẹ jókòó," ni Títílọlá máa ń sọ. "Ẹ ń mú òyì kọ́ mi."

"Mo ti jókòó."

"Orí ẹsẹ̀ lẹ jókòó sí?"

Ajíbọ́lá gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ní òwúrọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, Hannah ti gbé omi gbígbóná sílẹ̀, ó ti tẹ́ ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó wá lọ já ewé kan láti fi bo omi. Ó rí tata kan lórí ẹ̀gẹ́ náà. Ó dorí kodò lábẹ́ ẹ̀ka, ó rọ̀ bí àwọn tí ó rí lóko, kò mira. Ó na ọwọ́ kí ó já a jù nù. Nígbà náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ là.

Ó là láti ẹ̀yìn ọrùn, tìróró, bí èèpo ẹ̀pà. Ohun funfun kan wú jáde láti ojú ìlà náà. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ jáde, orí tẹ̀lé e, ó fa ìwo orí rẹ̀ méjèèjì yọ láti inú ìwo àtijọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ yọ láti inú ẹsẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó fún. Ó sinmi díẹ̀. Ó tún fà. Gbogbo ìgbà yìí Hannah kò mira. Ó ti pẹ́ tí kò ti dúró sójú kan tó bẹ́ẹ̀.

"Màmá! Omi ń tutù!"

Kòkòrò náà ti jáde tán, ó di ara awọ rẹ̀ mú, ara rẹ̀ rọ̀, ó funfun bí ẹ̀kọ tútù. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan wà tó ká bí aṣọ tí a fún lómi. Ohun náà ń tú, ó ń gùn, ó ń tẹ́. Ìyẹ́ ni. Bí oòrùn ti ń ta sí i, àwọ̀ ń wọ ara rẹ̀, ó ń le. Nígbà tí ó sún kúrò níbẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù lára ẹ̀ka gbẹ, ó fúyẹ́, orí wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀.

"Màmá, ọmọ ń sunkún! Kí lẹ ń wò?"

Ajíbọ́lá jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ó wo ohun tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń wò.

"Háà, ó bọ́ awọ," ni ó wí. "Wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Màmá. Ẹ̀dá tí egungun rẹ̀ bá wà níta, tí kò sí nínú, egungun náà kì í dàgbà bá a. Ó ní láti bọ́ ọ kó tó lè tóbi. Alákàn ń ṣe bẹ́ẹ̀, àkeekèé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ rí yìí ni ìkẹyìn ti tata, ìgbà yìí ló ń hu ìyẹ́."

Hannah yí ojú sí i.

"Tíṣà, o ti mọ èyí tẹ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń dúpẹ́ ní ìsọmọlórúkọ."

"Mo wà níbẹ̀."

"O ní àmín."

Ajíbọ́lá yọ pákò lẹ́nu. "Màmá, ẹ ní ẹ rí òkú. Mo rò pé òkú lẹ rí."

Hannah wọlé, ó di ẹrù. Títílọlá bi í pé ta ló máa wẹ ọmọ. Ó ní kí Títílọlá fúnra rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Ọmọ ń ké, ìyá ọmọ ń ké, Hannah ti bọ́ sójú títì, ó ń na ọwọ́ sí lọ́rì.

Kò yà sílé ní Ìṣẹ́. Oko ló gbà lọ tààrà. Ó gbọ́ wọn kí ó tó rí wọn. Wọ́n ti gun orí àwọn igi ńlá etí odò lọ mú ara wọn le ní ọjọ́ tí wọ́n bọ́ awọ, nígbà tí ìyẹ́ wọn gbó, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ewé kan kò sí lóko náà. Igi ẹ̀gẹ́ dúró ní ìhòòhò, funfun, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé bó ìrèké. Àwọn tata náà wà lára wọn, aláwọ̀ ewé àti pupa àti dúdú, òmíràn gun ẹ̀yìn òmíràn. Hannah fi ọwọ́ gbá wọn. Wọ́n fò lọ síwájú díẹ̀, wọ́n bà. Ó tún gbá wọn. Wọ́n tún fò.

Jẹ́jẹ́ bá a níbẹ̀. Tata ti jẹ ti òun náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n rí awọ kò ti tún dé oko. Ó lọ sí ọjà, ó lọ kí àna, ó sùn.

"Yèyé Títí, ó tó. O ò lè fi ọwọ́ pa wọ́n tán."

"Wá igi tó ṣì ní èèpo fún mi."

"Kò sí."

"Wá a!"

Wọ́n wá a títí. Igi tí wọ́n rí kò kún apá kan. Hannah kọrí sí ọ̀nà Ẹmùrẹ́ ní ọ̀sán gangan. Victoria, tí wọ́n jọ ṣe ọmọge, ní oko ẹ̀gẹ́ ní apá ibi tí tata kò pọ̀ sí. Victoria ṣẹ́ igi fún un, ó di í ní ìdì ńlá, ó ní kí ó jẹun. Hannah jẹ ẹ̀kọ ní ìdúró, ó gbé ìdì igi náà sórí, ó rìn ín padà. Ó gbìn ín. Ilẹ̀ le bí òkúta, òjò kò tíì rọ̀, ó ń fi ṣọ́ṣọ́ gbẹ́ ihò, ó ń pọn omi láti odò dà sí i.

Kò tíì gbìn ín tán tí Ògúndélé fi dé, òun àti bàbá Bámijókò tí ó dàgbà jù nínú ẹbí. Bàbá Bámijókò kò ríran dáadáa mọ́. Ó fi ọwọ́ kan igi kan tó yọ lórí ilẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, bàbá," ni Hannah wí.

"Ugi ni," ni Ògúndélé wí. "Bàbá, ẹ má jẹ́ ká fi ojú ara wa gbolẹ̀. Bí ugi gbígbẹ bá jẹ́ oko, a jẹ́ pé ọgbà ulé mi náà ti di oko."

"Mo gbìn ín ni! Ẹ wo ọwọ́ mi!"

"Ìyàwó wa, mo rí ọwọ́ rẹ. Òfin kò sọ pé ohun tí a gbìn. Ó ní ohun tó ń hù."

Bàbá Bámijókò tún fi ọwọ́ wá ojú lára igi náà. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn á dúró de òjò. Bí òjò bá rọ̀ tí igi wọ̀nyí sì yọ ewé tó dúró, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ Hannah, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ títí ayé rẹ̀. Bí wọn kò bá yọ, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìdájọ́ rere ni. Ògúndélé gbà. Ó ti ní ọmọ kòkó nínú agbọ̀n lẹ́yìn ilé tí ń dúró de òjò yẹn kan náà.

Òjò rọ̀. Igi náà yọ. Ojú kéékèèké pupa bẹ̀rẹ̀ sí í là lára wọn, ó tutù, ó rọ̀, òun nìkan ló sì jẹ́ ewé tútù ní gbogbo oko náà. Tata wá bá a. Hannah kò padà sílé mọ́, abà ló ń gbé. Ó fi ìgbálẹ̀ lé wọn, ó jó ewé igi etí odò kí èéfín lé wọn, ó ń sáré láti ìlà dé ìlà. Bí ó bá wà lápá òkè, wọ́n á wà ní apá odò. Ní ìgbà tí wọ́n wà láìní ìyẹ́, ènìyàn lè gbọ̀n wọ́n sí garawa. Wọ́n ti ń fò báyìí. Jẹ́jẹ́ bá a ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹun, kí ó wẹ̀. Hannah ń bi í pé, "Ṣé o rí èyí? Ṣé ewé nìyí?" Ewé náà á wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Ní ọ̀sán á ti di kùkùté.

Nígbà tí tata fi ẹyin sí ilẹ̀ tí wọ́n sì ń kú fúnra wọn, kò sí igi kan tó ṣì láàyè.

Ògúndélé dá nìkan wá. Kò mú àdá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà abà.

"Ìyàwó wa, èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀, bàbá."

"Bó o bá fẹ́ kí n fún ọ ní uṣu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan..."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

Hannah gbé ọkọ́ rẹ̀ àti garawa, ó jáde. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà wọ́n gbin kòkó síbẹ̀. Olúwọlé wàásù nípa sùúrù ní ọjọ́ ìsinmi, Hannah kò lọ.

Obìnrin tí kò ní oko ní Ìṣẹ́ nígbà yẹn, kò sí ohun tó máa ṣe ju kí ó lọ bá ọmọ rẹ̀. Hannah lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Títílọlá gbà á, ṣùgbọ́n kò tètè gbàgbé òwúrọ̀ tí ó fi ọmọ sílẹ̀ láìwẹ̀, ó sì máa ń mẹ́nu bà á bí inú bá ń bí i. Ajíbọ́lá ṣe dáadáa sí i. Ó ní gbogbo ohun tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, tiyín ni, Màmá. Hannah kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ọkọ ọmọ kì í ṣe ilé ẹni. Bí ó bá fẹ́ se oúnjẹ, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Tíṣà, ṣé kí n hú kan?" Á dúró títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Láti ìgbà yẹn títí ó fi kú, Hannah Fálẹ́yẹ kò hú ìdí ẹ̀gẹ́ kan tí kò kọ́kọ́ tọrọ.